Ìlú Ni Ọ̀fàdà Kí Ó Tó Di Ìrẹsì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi kó tètè lọ mu ún, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń dìde láàárín rẹ̀. Àṣàkẹ́ ló fà á. Nígbà tí ẹ ti Èkó dé lánàá, kò tíì kí mi tán tó fi ń sọ pé, "Bàbá àgbà, ọ̀nà Mówé la gbà wá. Mo rí pátákó kan lẹ́bàá títì. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan fi orúkọ ìrẹsì sọ ìlú wọn? Ọ̀fàdà!" Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ di àárọ̀ yìí.

Àṣàkẹ́, má bínú, ìwọ nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tò ó bó ṣe yẹ. Ìlú ló kọ́kọ́ wà. Ìlú àgbẹ̀ ni Ọ̀fàdà, nínú ilẹ̀ Ẹ̀gbá wa yìí, ó sì ti ń jẹ́ orúkọ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó fi pe ohun tó wà nínú abọ́. Ìrẹsì ló jogún orúkọ lára ìlú.

Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó fẹ́ rajà á béèrè pé, "Ìrẹsì ibo nìyí?" Ẹni tó ń tà á á ní, "Ti Ọ̀fàdà ni." Nígbà mìíràn tí ó bá dé, ẹni yìí á ní, "Ẹ wọn ìrẹsì Ọ̀fàdà fún mi." Tí ó bá wá di oníbàárà, ta ló tún ní àyè ọ̀rọ̀ gígùn? Láti ẹnu ọ̀nà ni á ti pariwo pé, "Ọ̀fàdà dà?" Báyìí ni ìrẹsì ṣe já bọ́ lẹ́yìn orúkọ ara rẹ̀. Àwa náà ń ṣe é fún ara wa. Ẹ ò rí i pé ní Ìjẹmọ̀ níbí, nínú Abẹ́òkúta, agboolé tí èèyàn ti wá ni wọ́n sábà fi ń pè é, tí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ á máa sùn nílé?

Ní ti irúgbìn gan-an, òun kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Àwọn kan sọ fún mi pé àwọn ajíhìnrere ló mú un wá. Àwọn mìíràn ní ọmọ ogun kan tó re ogun òkè òkun ló fi í pamọ́ sára wá sílé. Èmi kò sí níbẹ̀, ohun tí n kò bá sì fojú rí, n kò ní búra lé e lórí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fojú rí, òun ni mo fẹ́ sọ: orúkọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lójú mi. Àwọn tí kò jẹ́ kó kú ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kí èmi náà tó lọ.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni, ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn. Wọ́n gbé mi lọ ṣe olùkọ́ ní abúlé kékeré kan tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Ọ̀fàdà. Gbogbo ibẹ̀ ló ń pè mí ní Tíṣà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, ẹ ò lè mọ ariwo tó ń jí wa nígbà náà. Bí ìrẹsì bá ti ń gbó, ẹyẹ ẹ̀gà á dà bo oko bí òjò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn ọmọdé ti wà lórí pẹpẹ igi láàárín oko, wọ́n á máa lu agolo, wọ́n á máa ju kànnàkànnà, wọ́n á máa ké pé, "Ẹ̀gà o! Oko baba yín kọ́ nìyí!" Ìdajì kíláàsì mi á ṣófo. Mo kọ́kọ́ ń bínú. Nígbà tó yá, mo sún ẹ̀kọ́ ìṣirò sí ọ̀sán, àlàáfíà sì dé. Ní ọjọ́ kan, mo ń gbàdúrà àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí òkúta kànnàkànnà kan já lu páànù orí wa, gbàǹgàn! Dípò "Àmín," gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ̀gà o!" Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń fi ìwé orin bojú.

Ilé Bàbá Ògúnwálé ni mo dé sí. Àgbẹ̀ ni, ó sì ń bọ Ògún gẹ́gẹ́ bí àwọn baba rẹ̀ ti ṣe. Nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ìrẹsì tuntun kan ẹnu kí Bàbá tó gbé díẹ̀ síwájú Ògún. Ó mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, kì í pè mí síbẹ̀. Á kàn yọjú sí yàrá mi, á ní, "Tíṣà, ẹ ní sùúrù, ó ku díẹ̀," kí n má baà kánjú ju Ògún lọ.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ògúnwálé, ló ni iṣẹ́ ìrẹsì nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ náà fún yín, nítorí òun ni orúkọ náà dì mọ́. Wọn kì í lọ ìrẹsì náà ní tútù. Ó máa rẹ ẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù omi, pẹ̀lú èèpo rẹ̀, á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí omi yóò fi máa hó wúyẹ́wúyẹ́, tí òórùn rẹ̀ yóò máa jáde bí omi ògì. Lẹ́yìn náà ni á bọ̀ ọ́ lórí iná igi, á sá a sórí ẹní nínú oòrùn, a ó sì gún un. Olódó méjì á dojú kọ ara wọn, ọmọ odó kan á lọ sókè, èkejì á wálẹ̀, gbì, gbì, gbì. Wọ́n á fẹ́ ẹ lórí atẹ, àwọn ìyá á wá jókòó ṣa òkúta inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé olúkúlùkù á sì di ṣíṣà pọ̀ mọ́ òkúta. Ibi rírẹ náà ni òórùn ọ̀fàdà ti ń wá. Kì í ṣe inú ilẹ̀, kì í ṣe inú irúgbìn. Ọwọ́ àwọn obìnrin Ọ̀fàdà àti abúlé tó yí i ká ló fi í síbẹ̀.

Ìrẹsì òkè òkun ló wá dé. Ó gùn, ó funfun, kò ní òkúta, kò ní òórùn. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ ọdún la ń jẹ ìrẹsì. Nígbà tí èyí dé, ó di ojoojúmọ́, ẹni tó bá sì ń jẹ tilé, wọ́n á ní kò rí jájẹ ni. Bàbá kan nínú abúlé fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò ìrẹsì, èkejì tẹ̀ lé e, títí ó fi ku ilé tí mo ń gbé nìkan. Ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè ní ọdún náà wà nínú àká. Ṣírí ìrẹsì tí wọ́n fi ṣe irúgbìn so rọ̀ sókè ààrò, kí èéfín máa lé kòkòrò kúrò níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá nawọ́ sí i.

Ó ní, "Ìyá Ògúnwálé, bí ìrẹsì ọdún yìí bá tún ti ọjà Kútọ̀ padà sílé, gbogbo ilẹ̀ yẹn ni màá fi gbin ẹ̀gẹ́. Èyí tó wà lókè yẹn, sísè la ó sè é jẹ."

Ìyá gbójú sókè wo irúgbìn náà, bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọ́n fẹ́ rán lọ sí ìrìn àjò.

Ìyàwó Ògúnwálé ọmọ wọn, Àbẹ̀ní, ló wá mú ìmọ̀ràn wá. Èbúté Mẹ́tà ni wọ́n ti tọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ó ní, "Màmá, òórùn yìí ni wọ́n ń sá fún. Ẹ jẹ́ ká má rẹ ẹ́ pẹ́. Ká máa da omi rẹ̀ nù láàárọ̀ àti lálẹ́, ká wá fi ẹ̀rọ bó o lẹ́ẹ̀mejì dípò odó kó lè funfun." Ìyá ṣe iyèméjì, ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bá igi ṣe àṣàyàn. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì náà funfun lóòótọ́. Àbẹ̀ní ń gbé atẹ kiri fi hàn wá. Bàbá gbé díẹ̀ síwájú Ògún, òun náà sì tọ́ ọ wò.

"Bàbá, báwo ló ṣe rí?" ni Àbẹ̀ní bi í.

"Ògún á jẹ ẹ́," ni Bàbá wí. "Àmọ́ á béèrè ẹni tó sè é."

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí Kútọ̀, mo bá wọn lọ, nítorí mo fẹ́ yà kí àwọn èèyàn mi ní Ìjẹmọ̀. Àlájà Sìdíkátù ló máa ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ Ìyá. Ọmọ Ìjẹmọ̀ ni òun náà. Ìyá rẹ̀ ta ìrẹsì, ìyá ìyá rẹ̀ tà á. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí gáréèjì, níbi tí àwọn kọndọ́kítọ̀ ti ń ké pé, "Èkó! Èkó! Ó ku ẹnì kan!" nígbà tí ọkọ̀ ṣì ṣófo. Àlájà kò tilẹ̀ wo ìrẹsì náà. Ó ti ọwọ́ bọ inú àpò, ó gbé ẹ̀kúnwọ́ kan sí imú, ó sì dá a padà.

"Ìyá Ògúnwálé, ìrẹsì ta ni ẹ gbé wá fún mi?"

"Tiwa ni, Àlájà. Ọ̀fàdà ni."

"Ọ̀fàdà kẹ̀? Ó ṣàìsàn ni?"

Àbẹ̀ní yára kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọjà, mà. A fọ òórùn rẹ̀ kúrò ni. Ó mọ́ báyìí."

Àlájà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ni ìyàwó Ògúnwálé? O káre. Wọ́n ní kí o wẹ ọmọ, o bó o láwọ."

Kọndọ́kítọ̀ kan tó ń kọjá gbọ́ ọ. Ó nahùn pé, "Àlájà, ẹ kúkú fi ìrẹsì olóòórùn yẹn sílẹ̀! Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́ o!"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún!" ni Àlájà dá a lóhùn. "Ebòlò tí kò bá rùn, koríko ni. Bí ìyá ẹ bá sè é lónìí, ìkòkò lo máa lá!" Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sá tẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀.

Àlájà wá yíjú padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìyá Ògúnwálé, ẹ wò mí. Bí mo bá pe èyí ní ọ̀fàdà, mo purọ́ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bí mo bá pè é ní ti òkè òkun, kò gùn tó irọ́ náà. Orúkọ wo ni kí n fi tà á? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èyí kò nílé."

Ìgbà náà ni Ìyá sọ ohun tí Bàbá wí. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀: ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa gbìn, ilé wọn ló sì kù ní abúlé wọn tó ní irúgbìn náà. Bí wọ́n bá sè é jẹ, ó tán. Àlájà gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Ṣé ó ku èyí tí ẹ kò tíì rẹ?"

"Ó kù nínú àká."

"Iléyá ti dé tán. Àwọn àna ọmọ mi Múṣílíátù ń bọ̀ láti Èkó, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wọ ilé mi nìyẹn. Ìrẹsì òkè òkun ni mo ti fẹ́ sè fún wọn. Ó yá, mo ti yí i padà. Ẹ lọ rẹ èyí tó kù bí ìyá ọkọ yín ṣe kọ́ yín, ẹ gbé e wá. Bí àlejò mi bá jẹ ẹ́, gbogbo èyí tí ẹ bá ní ni màá gbà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, a jẹ́ pé ọkọ yín ló jàre. Ẹ lọ gbin ẹ̀gẹ́ yín."

Bí a ṣe gbé ìrẹsì funfun náà padà sílé nìyẹn. Wọ́n tún rẹ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, Àbẹ̀ní kò kúrò nídìí dúrọ́ọ̀mù. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti yàrá mi.

"Màmá, ṣé ó ti rùn tó?"

"Rárá. Ó ṣì ń tijú."

Iléyá dé, mo wà ní Ìjẹmọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú Abẹ́òkúta wa, bí ilé kan bá pa àgbò, ìdílé onígbàgbọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í dáná. Àlájà ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, Múṣílíátù ń bá ìyá rẹ̀ fà á lẹ́yìn ilé. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n dá mi padà sílé ni?" Àlájà ń yí ọbẹ̀ lọ. "Bí wọ́n bá dá ọ padà nítorí ìrẹsì, ìrẹsì náà ló gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn." Ìyá Ògúnwálé àti Àbẹ̀ní wà nídìí iná, wọ́n ń fi ewé eéran pọ́n ìrẹsì, wọ́n sì ń yọjú gba ẹnu ọ̀nà wo àwọn àlejò. Àbẹ̀ní kò lè dúró lójú kan.

Wọ́n gbé oúnjẹ lọ, wọ́n tú ewé. Òórùn náà dìde, ó gba pálọ̀, òun àti òórùn irú inú ọbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn àlejò fi ọwọ́ kan imú, ó sì fi ìtìjú béèrè bóyá búrẹ́dì wà. Múṣílíátù wo ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀, Àlájì àgbàlagbà kan tó ní ilé àti ọkọ̀ l'Ékòó, gbé ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọ ọwọ́, ó sì fi ọwọ́ jẹun. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi kan ewé. Ó wá gbójú sókè.

"Àna mi, ẹ ṣeun o. Láti ọjọ́ tí mo ti lówó, kò sẹ́ni tó fún mi ní ọ̀fàdà mọ́. Wọ́n rò pé ó ti kéré sí mi. Ṣé ó kù?"

Kò sí ẹni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló pè é. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ìyá Ògúnwálé ní ẹnu ọ̀nà, ó fi etí gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Àbẹ̀ní ni kò lè mú un mọ́ra, ó ké láti ìdí ààrò pé, "Ó kù, sà! Ó pọ̀!" Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì náà sì rẹ́rìn-ín.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ayé yí padà lọ́jọ́ yẹn. Àlájà gba gbogbo èyí tó wà nínú àká, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Bàbá fi ìdajì ilẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́, ó fi ìdajì sílẹ̀ fún ìrẹsì. Títà rẹ̀ ṣì le fún ọdún mélòó kan. Àwa tí a wà nílé la jẹ ìrẹsì funfun Àbẹ̀ní tán, tòun tẹ̀wà, Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ sì ní bí ẹni ń jẹ omi ló rí. Ṣùgbọ́n irúgbìn kò kúrò lókè ààrò. Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi.

Láàárín àwọn ọdún 1980, ìjọba fòfin de ìrẹsì òkè òkun. Lójijì, gbogbo ènìyàn rántí ilé. Àwọn tó ti fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò ìrẹsì wá láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń kí Bàbá, wọ́n ń wo òkè ààrò. Ìyá Ògúnwálé kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ irúgbìn náà kalẹ̀, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, ó sì ń fún olúkúlùkù ní ìdì kọ̀ọ̀kan. Àbẹ̀ní, tó ti di ìyá ọmọ nígbà náà, ló ń sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ kó rùn o! Ẹ má ṣe tì í lójú!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ti gba tiwọn lọ tán, Ìyá jókòó tì mí lórí ìjókòó ìta. Ó ní, "Tíṣà, nígbà tí wọ́n bá gbìn ín sí ilẹ̀ tiwọn, tó bá hù dáadáa, ṣé wọn ò ní máa fi orúkọ ìlú tiwọn pè é?"

Mo ní, "Ìyá, n kò mọ̀."

Ìyá ti sùn tipẹ́, Bàbá sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àlájà Sìdíkátù náà ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ní báyìí mo ti mọ ìdáhùn. Wọ́n ń tà á l'Ékòó, wọ́n ń tà á n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ ibi tí kò mọ ìlú náà rí ni wọ́n ti ń gbìn ín, tí wọ́n sì ń rẹ ẹ́. Ọ̀fàdà náà ni gbogbo wọn ń pè é. Àwọn tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ ń fi ẹnu kí ìlú náà kí wọ́n tó jẹun.

Nítorí náà, Àṣàkẹ́, nígbà tí ẹ bá ń padà l'ọ́jọ́ Àìkú, tí o bá tún rí pátákó yẹn lẹ́bàá títì, má fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Sọ fún awakọ̀ kó rọra. Na ọwọ́ sí àwọn ará ìlú náà, kí o ní ẹ kú iṣẹ́. Ìyá Ògúnwálé ni wàá máa bá sọ̀rọ̀.